Ìbọn Ẹfọ̀n Nínú Igbó Àgbọ̀nrín

Òkú ọkùnrin náà dojú délẹ̀ lórí ewé gbígbẹ. Apá rẹ̀ kan nà síwájú bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan. Fúláàsì tíì rẹ̀ dúró lórí kùkùté igi nítòsí. Tíì inú rẹ̀ kò tíì tutù tán.

Ọkùnrin kan tó mú ajá rẹ̀ rìn jáde ló rí i, ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kọkànlá ọdún 1996, nínú igbó tó wà lẹ́yìn ìlú Upper Marlboro, ní Amẹ́ríkà. Ìgbà ọdẹ àgbọ̀nrín ni. Àwọn ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ débẹ̀ ní ọta ọdẹ kan ló ṣìnà. Wọ́n yẹ àpò òkú náà wò, wọ́n rí líṣẹ́ǹsì ọkọ̀ rẹ̀. Moshood Arówóló. Ni wọ́n bá pe Oyèníkẹ́ Ládoyè.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni Oyèníkẹ́ lábẹ́ ọlọ́pàá County, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀. Ìbàdàn ló ti wá kàwé, kò sì padà mọ́. Ọkọ rẹ̀ ti lọ. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní California, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kí ara wọn lórí fóònù. Bí orúkọ òkú tàbí ti ọ̀daràn bá ti le lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, òun ni wọ́n máa ń pè. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì láìgbọ́ Yorùbá létí, àfi bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti òkú náà. Ọta wọ ẹ̀yìn, ó gba àyà jáde. Kò dúró níbẹ̀. Ó la igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan já, ó sì wọ inú igi ńlá kan lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ jáde. Ọta náà nípọn bí ìka ọwọ́. Orí rẹ̀ kò tẹ̀, kò fọ́.

"Èyí kì í ṣe ọta àgbọ̀nrín," ni ọlọ́pàá kan wí.

"Kí ni wọ́n ń fi pa?"

"Mi ò mọ̀. Ohun tó tóbi ju ohun tó wà nínú igbó yìí lọ."

Oyèníkẹ́ tọ ojú ọ̀nà tí ọta náà gbà padà sẹ́yìn. Ó dé ibi igi ńlá kan tó ti wó. Ẹnì kan ti kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ojú orúnkún ṣì wà lórí ilẹ̀ tútù. Èèpo ọta kankan kò sí níbẹ̀. Ẹni náà ti ṣà á lọ. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ wà lórí ewé, ẹ̀kán mélòó kan, ó ṣì pupa.

Moshood kò dé ibẹ̀ rárá. Kò sì gbé ìbọn tàbí ọ̀bẹ tó lè fi ṣe ẹnikẹ́ni léṣe.

"Ẹni tó yìnbọn ló farapa," ni Oyèníkẹ́ wí. "Kí ló wá ṣe é?"

Ó ní kí wọ́n kó àwọn ewé náà sínú ọ̀rá.

*

Felicia, ìyàwó Moshood, ti kúrò nílé ọkọ rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Nọ́ọ̀sì ni. Yàrá kan ló háyà nínú ilé ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ kan ní Cheverly, kò jìnnà sí ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó ṣílẹ̀kùn. Báńdéèjì wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún.

Oyèníkẹ́ sọ fún un. Felicia jókòó sórí àtẹ̀gùn. Kò ké. Ó kàn ń fi ọwọ́ kan ra èkejì.

"Níbo lẹ wà láàárọ̀ yìí, Àǹtí?"

"Mo ṣiṣẹ́ òru mọ́jú. Bí mo ṣe dé ni mo sùn."

"Ta ló rí yín?"

"Ta ni yóò rí mi? Èmi nìkan ni mo sùn."

"Ọwọ́ yín ńkọ́?"

"Aláìsàn kan ni. Ó sanra. Mo ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ mi sì rọ́." Ó tú báńdéèjì náà fúnra rẹ̀. Ọwọ́ náà wú, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò bó. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan níbẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin àti ọkọ yín ń jà ni?"

"Ì bá ṣe pé à ń jà!" Felicia mi orí. "Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ bá a jà? Ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba ni nílé, ní Borgu. Ó mọ ẹsẹ̀ ẹranko bí ẹ ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ yín. Ó dé ìhín, iṣẹ́ kíkó ẹrù ní wíáháùsì ni wọ́n fi í sí ní Landover. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ògiri ló máa ń wò. Sátidé nìkan lara rẹ̀ máa ń yá. Á gbé tíì rẹ̀, á lọ sínú igbó yẹn. Kì í gbé ìbọn. Ó ní òun kàn fẹ́ gbọ́ ẹyẹ."

Oyèníkẹ́ yọ ọta náà jáde nínú ọ̀rá. "Ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tó ní ìbọn tó lè yin irú èyí?"

Felicia wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló wo ilẹ̀, bí ẹni tí ojú rẹ̀ fẹ́ la ilẹ̀ ilé já.

"Bọ̀dá Mùíbì ní ọ̀kan," ló wí. "Ó wà ní yàrá ìsàlẹ̀."

*

Mùíbì Adéṣínà ló ni ilé náà. Apòògùn ni, ní ilé ìwòsàn kan náà. Ọkùnrin kúkurú ni, apá rẹ̀ sì kúrú bí ti ọmọdé. Ibi iṣẹ́ ló wà láti ìdájí títí di ọ̀sán. Oyèníkẹ́ béèrè níbẹ̀. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ló rí i.

Ó mú kọ́kọ́rọ́ kan lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onírin. Ìbọn náà wúwo, ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Awò gígùn kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n fi ń fojú sun ohun tó jìnnà.

"458 ni wọ́n ń pè é," ni Mùíbì wí. "Ìbọn ẹfọ̀n ni. Ìbọn erin."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tó ń ta oògùn, kí lẹ ń bá ẹfọ̀n fà?"

Mùíbì jókòó. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà mọ bí ìlú yìí ṣe rí. Mo ń ka oògùn sínú ike láti àárọ̀ dalẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ bàbá mi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọmọ ọdẹ ni mí. Àwa mẹ́ta la máa ń pàdé níbí lálẹ́ Friday. À ń fowó pamọ́ láti lọ dọdẹ ẹfọ̀n ní Tanzania lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyẹn ló ń mú wa jí láàárọ̀."

"Ẹ̀yin mẹ́ta wo?"

"Èmi, Moshood, àti Babáwálé tó ń gbé ní Kettering. Odindi ọdún kan la fi ń jiyàn lórí irú ìbọn tó yẹ. Moshood ní 375, tó kéré sí èyí, ti tó. Ó ní ìbọn tí o lè yìn láìpajú dé sàn ju èyí tí ìwọ fúnra rẹ ń bẹ̀rù lọ. Èmi ní rárá. Ẹfọ̀n tó bá gbọgbẹ́ kì í sá lọ. Ńṣe ló máa ń lúgọ dè ọ́. Èyí tó máa dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà ni mo fẹ́. Ni mo bá ra 458."

"Babáwálé ńkọ́?"

"Òun kò tíì rà. Ó ní òun ń yan èyí tó dáa jù. Òun ló kúkú mọ̀ ọ́n jù nínú wa. Ó ti dá ẹfọ̀n dúró rí ní Borgu, nígbà tó jẹ́ àgùnbánirọ̀. Ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta sá, òun nìkan ló dúró."

Oyèníkẹ́ fi imú sí ẹnu ìbọn náà. Ẹ̀tù ń rùn níbẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ yìn ín kẹ́yìn?"

"Oṣù Kẹjọ. Mo sì nù ún mọ́ tónítóní."

"Ẹ gbóòórùn rẹ̀."

Mùíbì gbóòórùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. "Olúwa mi ò," ló wí jẹ́jẹ́. "Ìbọn mi ni wọ́n fi pa á."

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ilé yìí?"

"Èmi. Felicia. Babáwálé náà ní ọ̀kan, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ Friday. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá bá a tó ti jókòó, tó ti tan tẹlifíṣọ̀n."

"Ṣé ẹ̀yin àti Moshood ní ìjà?"

"Inú bí i díẹ̀ pé mo fún ìyàwó rẹ̀ ní yàrá. A ti parí ìyẹn."

"Alẹ́ àná ńkọ́? Friday ni. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan." Mùíbì ronú. "Èmi ló kàn sọ ìtàn ẹfọ̀n Babáwálé. Moshood kò gbọ́ ọ rí. Babáwálé kì í sọ ọ́ bí Moshood bá wà níbẹ̀, n ò mọ ìdí. Moshood kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè pé, 'Ta ni ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ́dún yẹn?' Babáwálé ní òun ti gbàgbé. Àwọn méjèèjì jọ jáde. Mo wò wọ́n láti fèrèsé. Wọ́n dúró ti ọkọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀, ó sì pẹ́."

*

Ilé Babáwálé Fálànà tóbi. Yàrá mẹ́rin ló wà níbẹ̀, òun nìkan ló sì ń gbé inú rẹ̀. Ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti kó lọ sí Houston. Ẹnjiníà ni ní ọ́fíìsì ìjọba kan. Lọ́jọ́ Sunday, òun ló máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn. Ó ga, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtẹ́rígbà.

Híítà ilé náà mú tó bẹ́ẹ̀ tí Oyèníkẹ́ bọ́ kóòtù rẹ̀. Síbẹ̀ fìlà òtútù wà lórí Babáwálé. Ó fà á wálẹ̀ dé ojú.

"Ara mi ò yá," ló wí. "Òtútù ń mú mi. Ẹ jókòó, sister. Ṣé kí n bu ìrẹsì fún yín? Ó wà nílẹ̀. Mo máa ń sè é jù."

"Ẹ ṣé, mi ò jẹun. Ẹ ti gbọ́ nípa Moshood?"

"Mùíbì pè mí. Ó dùn mí wọnú egungun. Àwọn ọdẹ ìlú yìí, ohun tó bá ti mi ni wọ́n ń yìn."

"Níbo lẹ wà láàárọ̀ yìí?"

"Ibí yìí náà ni. Níbo ni mo tún ń lọ?"

"Mo gbọ́ pé ẹ ti pa ẹfọ̀n rí."

Ojú rẹ̀ tàn. Ó dìde, ó mú ọwọ̀ onígi kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì gbé e lé èjìká bí ìbọn. "Ó ń bọ̀ tààrà. Ilẹ̀ ń mì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Èmi dúró. Mo fi ojú mọ́ awò ìbọn náà báyìí." Ó tẹ ojú mọ́ igi ọwọ̀ náà títí ìpéǹpéjú rẹ̀ fi kàn án. "Mo di èémí mú. Gbàù! Ẹsẹ̀ mi báyìí ló ṣubú sí."

"Irú ìbọn wo ni?"

"Ìbọn ńlá ni."

"Irú ńlá wo?"

"Ó ti pẹ́, sister. Ẹ dúró díẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí n fi tíì sórí iná."

Oyèníkẹ́ dìde, Babáwálé sì tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ ẹfọ̀n náà nígbà tí obìnrin náà ṣí ọkọ̀ rẹ̀.

*

Ṣọ́ọ̀bù tí Mùíbì ti ra ìbọn náà wà ní Landover, láàárín àwọn wíáháùsì. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Michelle ló ń tún ìbọn ṣe níbẹ̀. Ó wo ọta náà lẹ́ẹ̀kan.

"458," ló wí. "Ọta líle ni, èyí tí kì í fọ́ nínú egungun erin. Mo ta páálí kan fún apòògùn kúkurú yẹn."

Oyèníkẹ́ gbé ìbọn Mùíbì síwájú rẹ̀. "Wò ó fún mi."

Michelle gbé e lé èjìká. Kíá ló sọ ọ́ kalẹ̀. "Èmi ni mo gé ìdí rẹ̀. Apá oníbàárà mi kúrú, ìbọn náà gùn jù fún un. Mo gé e kúrú, mo sì gbé awò náà sí ibi tó bá ojú rẹ̀ mu. Kò sí ẹlòmíì tó gbọ́dọ̀ yìn ín."

"Kí nìdí?"

"Ìbọn kékeré máa ń tì ọ́ sẹ́yìn. Èyí máa ń gbá ọ bí ẹṣin. Bí ènìyàn gíga bá gbé e, ojú rẹ̀ á sún mọ́ awò jù. Bí ìbọn bá wá padà sẹ́yìn, etí awò yẹn á bá a níbí." Ó fi ìka fa ìlà rogodo lókè ìpéǹpéjú ara rẹ̀. "Á là á bí ọ̀bẹ. Àpá rẹ̀ á dà bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé."

Oyèníkẹ́ rántí ọkùnrin tó tẹ ojú mọ́ igi ọwọ̀.

"Ẹni tó ti yin irú ìbọn yìí rí ńkọ́? Ṣé ó lè tẹ ojú mọ́ awò?"

"Láéláé. Ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn ń ṣe irú àṣìṣe yẹn."

Michelle tan iná kékeré kan, ó yẹ etí awò náà wò. Wọ́n ti nù ún. Ṣùgbọ́n nínú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí i po, nǹkan pupa rúsúrúsú kan gbẹ síbẹ̀. Oyèníkẹ́ ní kó má fọwọ́ kàn án mọ́.

"Ọ̀rẹ́ Mùíbì méjì ló wà. Ọ̀kan ni wọ́n fi ìbọn yìí pa. Ọkùnrin gíga ni èkejì," ló wí.

"Mo mọ̀ ọ́n. Ó máa ń wá dáadáa. Èyí tó kú mú 375 tirẹ̀, ó gbé e lé èjìká, ó dijú, ó lajú, ó ní òun ti rí i. Àmọ́ ẹni gíga yẹn á jókòó síbí, á máa sọ ìtàn títí a ó fi fẹ́ ti ìlẹ̀kùn. Mo gbé gbogbo ìbọn ṣọ́ọ̀bù yìí fún un. Kò gbé ọ̀kan lé èjìká rí."

*

Ní ọ́fíìsì ọlọ́pàá, Oyèníkẹ́ jókòó kọjú sí Babáwálé. Ó sọ fún un pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́, ó sì lè pe lọ́yà. Babáwálé ní òun kò fẹ́ lọ́yà. Ó ní ìbéèrè kan lòun ní: ṣé Yorùbá làwọn máa sọ?

"Yorùbá ni," ni Oyèníkẹ́ wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fìlà yín."

Babáwálé gbọ́wọ́ sókè. Nígbà tó ṣí i, ọgbẹ́ náà wà lókè ojú ọ̀tún. Ó tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tuntun.

"Kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná ló gbá mi."

"Kọ́bọ́ọ̀dù kì í rí roboto, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́yìn igi tó wó. Ẹ̀jẹ̀ wà létí awò ìbọn Mùíbì. Wọn kò ní pẹ́ mọ ẹni tó ni ín. Mùíbì kúrú, ìbọn rẹ̀ kò lè ṣe é bẹ́ẹ̀, ibi iṣẹ́ ló sì wà. Ọwọ́ Felicia rọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò bó. Ẹ̀yin lẹ ní kọ́kọ́rọ́ kẹta. Ẹ mọ ibi tí Moshood ń lọ ní gbogbo Sátidé. Ẹni tó sì dá ẹfọ̀n dúró ní Borgu kò ní tẹ ojú mọ́ awò. Ẹ kò pa ẹfọ̀n kankan rí."

Babáwálé tẹjú mọ́ tábìlì.

"Inú ọkọ̀ ni mo wà," ló wí.

"Inú ọkọ̀ wo?"

"Ní Borgu. Àgùnbánirọ̀ ni mí lóòótọ́. Ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́, Sabi, ló pa ẹfọ̀n náà. Èmi ti gíláàsì ọkọ̀ sókè, mo ń gbọ̀n. Ẹ̀ṣọ́ kékeré kan wà lẹ́yìn Sabi tí kò sá. Mo mọ̀ pé Moshood ṣiṣẹ́ ní Borgu, n kì í sọ ìtàn náà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé òun ni ẹ̀ṣọ́ yẹn. Òun náà kò mọ̀ mí, àfi àná."

"Kí ló sọ fún yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀?"

"Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó ní, 'Babáwálé, ọ̀rọ̀ ẹfọ̀n kì í ṣe eré. Mùíbì ti fi ọkàn rẹ̀ lé ọ. Ó rò pé bí òun bá tàsé, ìwọ wà lẹ́yìn òun. Nínú igbó, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ ni ẹ̀mí rẹ. Sọ òótọ́ fún un kó tó di Friday tó ń bọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi á sọ ọ́.'"

"Òótọ́ ló sọ."

"Mo mọ̀." Ó fọwọ́ bojú. "Sister, ẹ ò mọ ohun tí Friday jẹ́ fún mi. Àwọn ọmọ mi kì í pè mí. Ní ọ́fíìsì, wọn ò lè pe orúkọ mi. Ní ilé Mùíbì, bí mo bá la ẹnu kí Moshood tó dé, Mùíbì á dákẹ́. Á ní, 'Babáwálé, báwo ló ṣe rí?' Ibẹ̀ nìkan ni mo ti jẹ́ ènìyàn."

"Ìyẹn lẹ ṣe mú ìbọn."

"Mo ní mo fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ ni."

"Wọ́n ń fi ìbọn erin bẹ ènìyàn?"

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń gba ẹ̀bá ọgbẹ́ náà.

"Rárá," ló wí. "Mo mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mùíbì ti lọ síbi iṣẹ́, Felicia kò tíì dé. Mo mú ìbọn náà, mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn igi yẹn. Mo rí i nínú awò, ó sún mọ́ mi bí ẹ ṣe wà yìí. Ó dá dúró. Ó ń gbọ́ ẹyẹ. Mo rò ó pé bí kò bá sí òun, Friday á ṣì wà bó ṣe wà. Ìbọn náà gbá mi, n kò ríran mọ́. Ìgbà tí mo nu ojú, ó ti ṣubú. Mo dá ìbọn náà padà sí kọ́bọ́ọ̀dù kí Felicia tó dé. Mo nu awò náà, mo rò pé ó ti mọ́."

Oyèníkẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kó fọwọ́ sí i. Babáwálé fọwọ́ sí i.

*

Ọjọ́ tí wọ́n yọ̀ǹda òkú náà, mọ̀lẹ́bí Moshood kankan kò sí lágbègbè yẹn. Oyèníkẹ́ ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé Felicia àti Mùíbì lọ sí mọ́sálásí. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí i. Ó kàn lọ ni.

"Ta ni yóò wẹ̀ ẹ́?" ni Felicia béèrè lójú ọ̀nà. "Kò ní ẹnì kankan níbí."

"Èmi ni," ni Mùíbì wí.

Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó sì wọlé pẹ̀lú lèmọ́mù. Wọ́n pa ìlẹ̀kùn dé. Felicia dúró níta lẹ́nu ìlẹ̀kùn náà, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń da omi. Oyèníkẹ́ dúró tì í. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣófo.

"Gbogbo wọn níbí, Moshood ni wọ́n ń pè é," ni Felicia wí. "Ní wíáháùsì, 'Mo' ni. Àlàó ni oríkì rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló máa ń pè é bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà èmi. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Ẹ pè é báyìí."

Felicia fi ẹnu súnmọ́ igi ìlẹ̀kùn náà.

"Àlàó," ló wí. Ó tún un wí, ohùn rẹ̀ ròkè ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Àlàó o!"

Nínú yàrá, omi dákẹ́.